Mọ́tò Agolo Mílíìkì

Olóyè Ajíbọ́lá, onílé wa, ra mọ́tò oníbátìrì fún ọmọ rẹ̀ ní Kérésì, ó ní ayálégbé tí kò bá ná ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún náírà sórí ẹ̀bùn ọmọ tirẹ̀ kó kẹ́rù jáde. Adérọ̀pò bíríkìlà, ayálégbé bíi tiwa, fi agolo mílíìkì àti ìdérí ìgò ṣe mọ́tò fún ọmọ rẹ̀, ó sì kígbe sí ọmọ náà lábẹ́ fèrèsé Olóyè pé, “Má jẹ́ kí ọmọ Olóyè fọwọ́ kàn án o!” Kó tó dọ̀sán, ọmọ Olóyè ti ń yí nílẹ̀, mọ́tò agolo lòun ń fẹ́. Olóyè jáde: “Adérọ̀pò, èló lo máa tà á?” Adérọ̀pò ń ká ẹní: “Ẹ má bínú, sà, a ti dì í mọ́ ẹrù tá à ń kó lọ.” Olóyè wo ọmọ rẹ̀ nílẹ̀, ó ní, “Ta ló ní kẹ́ ẹ kó lọ?”