Bàtà Tí Wọ́n Tú Kúrò Lára Igi

Àwẹ̀ró, ìyá amọ̀kòkò, ni wọ́n ṣẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kẹ́yìn oṣù kejì ni, ní ọ̀sán gangan, lójú gbogbo abúlé. Ẹni àádọ́rin ọdún ni. Ẹ fi orúkọ náà sọ́kàn, ẹ fi ọjọ́ náà sọ́kàn, nítorí àwọn tó ṣẹ̀ ẹ́ ń fẹ́ kí ẹ gbàgbé méjèèjì.

Ọkùnrin kan wà ní abúlé yẹn tó jẹ́ káfíńtà. Àdìgún ni àwọn àgbà ń pè é. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Nígbà tí àwọn olè bẹ̀rẹ̀ sí í jí ewúrẹ́ kó, tí wọ́n wú gbogbo iṣu oko opó kan tán láàárín ọjọ́ kan, òun ló kọ́kọ́ dìde níwájú baálẹ̀ pé kí abúlé dá ẹ̀ṣọ́ sílẹ̀. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n fi í ṣe olórí. Ọkùnrin mẹ́jọ dara pọ̀ mọ́ ọn. Wọ́n ra fèrè, wọ́n pa àtíbàbà sí oríta, wọ́n sì pín àwọn ọ̀nà oko mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Iṣẹ́ rere ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí ewúrẹ́ ò fi sọnù mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ rèé. Ní abúlé náà, bí ẹnì kan bá kó igi tàbí iṣu sí etí ọ̀nà, tí kò tíì ráyè gbé e lọ, yóò pa ààlè sí i. Yóò so ìkarahun ìgbín mọ́ ọn, tàbí àkísà, tàbí ṣùkù àgbàdo. Ààlè kò ní ọwọ́, kò ní kóńdó. Ohun tó ń wí kò ju pé nǹkan yìí ní ẹni tó ni ín. Ìwọ tí ò ń kọjá, bi ọkàn rẹ léèrè. Ti Àwẹ̀ró ni bàtà ọmọdé pupa kan tí ìdè rẹ̀ ti já. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Àdìgún gan-an mọ̀ ọ́n láti kékeré. Bí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń ti odò bọ̀, tí wọ́n rí bàtà náà lórí igi, wọn a ní, "Ti Ìyá Amọ̀kòkò ni, ẹ má fọwọ́ kàn án."

Ṣùgbọ́n ààlè bẹ̀rẹ̀ sí í bí àwọn ẹ̀ṣọ́ nínú.

"Bí a bá ṣọ́nà títí, tí wọ́n tún ń so àkísà," ni ọ̀kan nínú wọn wí, "ṣé àkísà ló ń ṣọ́ ìlú ni àbí àwa?"

Wọ́n ṣòfin pé kí ẹnikẹ́ni má pa ààlè mọ́. Ẹni tó bá ní ẹrù létí ọ̀nà, kó wá sọ ní àtíbàbà, kí ẹ̀ṣọ́ fi ọ̀dà funfun sàmì sí i. Ẹni tí wọ́n bá bá ẹrù tí kò ní ọ̀dà lọ́wọ́ rẹ̀, olè ni. Àdìgún fúnra rẹ̀ ló rin ọ̀nà oko já, tó ń tú ààlè, tó ń kó wọn sínú àpò kan. Ó tú bàtà pupa náà pẹ̀lú kúrò lára igi ìdáná tí Àwẹ̀ró kó sí etí ọ̀nà. Ó mọ ẹni tó ni ín. Ó mọ̀ pé ìyá náà kò sí nílé, pé ó ti lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin wẹ ọmọ tuntun. Ó ní bó bá dé, òun á sọ fún un.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kọjá, ẹ̀ṣọ́ kò mú olè kankan. Ohun ayọ̀ ló yẹ kí ìyẹn jẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Bí wọ́n bá ń kọjá níwájú ilé alágbẹ̀dẹ, ọkùnrin náà á dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

"Ẹ̀ṣọ́ aláǹgbá, ẹ kú iṣẹ́ o! Mélòó lẹ mú lónìí?"

Ọ̀rọ̀ náà ń dun Àdìgún wọ eegun. Nínú ọkàn rẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí kò ti ní sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀ pàápàá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ kí olè dé. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ẹni tí a ní kó lé olè lọ ló ń wá olè kiri.

Àwẹ̀ró dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ̀rọ̀ ọ̀dà fún un. Ìkòkò mẹ́rìnlélógún tó ti mọ kó tó lọ ti gbẹ, iná ló kù tí yóò fi sun wọ́n. Ní ọjọ́ kejì ó lọ gbé igi rẹ̀. Kò rí bàtà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dá ìdì ọwọ́ ara rẹ̀ mọ̀. Ó ru igi. Kò tíì rìn jìnnà tí fèrè fi dún.

"Màmá, ta ló ni igi?"

"Igi tèmi. Ta ni ì bá tún ni ín?"

"Ọ̀dà rẹ̀ dà?"

"Ọ̀dà kẹ̀? Igi ìdáná ni mo rù, ọmọ mi, n ò ru ilẹ̀kùn."

Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹnì kejì ti di ìyá náà lọ́wọ́ mú. Wọ́n mú un lọ sí oríta. Nígbà tó rí Àdìgún lábẹ́ àtíbàbà, ara rẹ̀ balẹ̀.

"Ọlọ́run ṣeun, ọmọ mi ló wà níbí. Àdìgún, bá mi sọ fún àwọn wọ̀nyí. Ìwọ ṣá mọ bàtà mi."

Àpò ààlè wà lẹ́yìn ìjókòó rẹ̀. Bó bá na ọwọ́, ọwọ́ rẹ̀ á tó o. Gbólóhùn kan péré ni. Ṣùgbọ́n èrò ti ń pé jọ, alágbẹ̀dẹ wà láàárín wọn, kò sì ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Ó ń wo ẹ̀ṣọ́ bí ẹni ń wo akọni. Àdìgún wolẹ̀.

"Òfin kò mojú, Màmá," ló wí.

Ohun tó tẹ̀ lé e, ẹnu kò fẹ́ gbé e. Wọ́n gbé igi náà padà lé ìyá arúgbó lórí. Wọ́n da ọ̀dà funfun lé igi, lé gèlè, wọ́n sì mú un yí abúlé ká nínú oòrùn. Wọ́n ní kó máa ké pé, "Olè ni mí." Kò ké e. Orúkọ bàbá rẹ̀ ló ń pè, ọ̀dà ń ṣàn sí i lójú. Àwọn obìnrin tó jẹ́ pé inú ìkòkò rẹ̀ ni wọ́n ti ń bu omi mu dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn tó sọ pé ó tó. Ẹnì kan ṣoṣo!

Ẹ̀ṣọ́ gbẹ́sẹ̀ lé igi náà. Ní ọjọ́ kẹta, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ìkòkò mẹ́rìnlélógún tí iná kò kàn sì padà di ẹrẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀.

Nígbà tí òjò dá, ó wá sí àtíbàbà. Kò sunkún. Ó ṣí àpò náà níṣojú àwọn ọkùnrin mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, ó tú u wò títí ó fi rí bàtà rẹ̀, ó sì gbé e sókè.

"Àdìgún, n kò bèèrè igi. N kò bèèrè ìkòkò. Ọmọ-ọmọ mi tí kò tíì hu eyín, ìran olè ni wọ́n ti ń pè é. Wá dúró ní oríta yìí ní ọ̀sán gangan, níbi tí ẹ ti da ọ̀dà sí mi lórí, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́: igi Àwẹ̀ró ni, èmi ni mo tú bàtà rẹ̀."

Àdìgún gbé fèrè rẹ̀, ó gba ẹ̀yìn àtíbàbà jáde. Láti ọjọ́ náà, ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà lọ síbi iṣẹ́.

Ìwọ tí fèrè wà lọ́rùn rẹ ní àdúgbò tìrẹ, ìwọ ni àkàwé yìí ń bá wí. Ìṣọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Abúlé tí kò bá ní ẹ̀ṣọ́, olè ni yóò sọ ọ́ di tirẹ̀. Ṣùgbọ́n a ní kí o kín wa lẹ́yìn, o fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Àkísà lásán ṣọ́ ẹrù fún ìgbà pípẹ́, kò ba orúkọ ẹnikẹ́ni jẹ́. Ìwọ tí o lẹ́nu, tí o lójú, o ṣọ́ igi, o jí orúkọ ẹni tó ni ín. Kí ni kí a wá pè ọ́? Àti ìwọ tí o dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí o mọ bàtà náà dájú, tí o sì panu mọ́, má ṣe sọ pé ẹ̀ṣọ́ ló ṣe é. Àpò náà wà lẹ́yìn ìjókòó tìrẹ náà. Ṣí i.

Oòrùn ti kan àtàrí lónìí. Ìyá náà wà lórí òkúta ní oríta, bàtà pupa wà lórí itan rẹ̀. Káfíńtà yọ lẹ́yìn ilé, ojú àwọn méjèèjì ṣe mẹ́rin, ó sì yára yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Àdìgún, wá sọ ọ́."