Òwú Dúdú Lọ́rùn Ìkòkò Àwẹ̀ró

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Ẹ sún mọ́ ibí. Àkànó, má ti ẹnì kejì rẹ. Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Àlọ́ mi yí gbiri, ó yí gbiri, kò yà sí ààfin, kò yà sí ọjà, ìdí ààrò ló balẹ̀ sí. Ó balẹ̀ sórí Àwẹ̀ró, ìyàwó Akínlabí, àti ìyá ọkọ rẹ̀.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí èèyàn àti ẹran ọ̀sìn ṣì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, àgbẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Akínlabí. Òun àti Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ bí ọmọ kan, wọ́n sọ ọ́ ní Àdùfẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ yìí ni ìyá Akínlabí di ẹrù rẹ̀, ó ní òun ń bọ̀ wá wẹ ọmọ.

Ìyá yìí mọ ọmọ wẹ̀! Bó bá ti ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ra ọmọ lára, tó ń kì í, ọmọ á máa rẹ́rìn-ín. Kó tó pọ̀n ọ́n tán, oorun ti gbé e lọ.

Àwẹ̀ró ní tirẹ̀ mọ ilé tọ́jú. Gbogbo nǹkan rẹ̀ ló ní àyè. Iyọ̀ ń bẹ lórí pẹpẹ. Ìjábẹ̀ tó fi ń ja ilá, ara ògiri ló ń fi kọ́. Àpótí ìjókòó wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹnì kan bá sún un ní ìka kan, Àwẹ̀ró á mọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó na ọwọ́ sí iyọ̀. Kò bá iyọ̀. Ìkòkò iyọ̀ ti wà nílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò.

"Bóyá èmi ni mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀," ló wí. Ó gbé e padà.

Lọ́jọ́ kejì, iyọ̀ tún ti sọ̀ kalẹ̀. Ìjábẹ̀ kò sí lára ògiri mọ́, inú apẹ̀rẹ̀ ló wà. Ó tún dá wọn padà. Lọ́jọ́ kẹta ńkọ́?

"Wọ́n tún ti kúrò!"

Wọ́n tún ti kúrò! Àpótí ìjókòó pàápàá ti lọ fara ti ògiri bí ẹni tó jẹ gbèsè.

Àwẹ̀ró tọ ọkọ rẹ̀ lọ. "Bàbá Àdùfẹ́, ṣé ẹ̀yin lẹ ń gbé iyọ̀ mi kiri?"

Akínlabí ń pọ́n àdá. "Èmi? Kí ni n ó fi iyọ̀ ṣe lóko? Ṣé iṣu ń jẹ iyọ̀ ni?"

Ó tọ ìyá ọkọ rẹ̀ lọ. "Ìyá, ẹ ò rí ẹni tó mú ìjábẹ̀ mi?"

Ìyá rẹ́rìn-ín músẹ́, ṣùgbọ́n kò wo ojú rẹ̀. "Ìyàwó, ohun tó bá wà nínú ilé kò tíì sọnù," ló wí, ó sì tẹ orí ba ọmọ tó gbé sẹ́sẹ̀.

Àwẹ̀ró yí padà, ó ń bi ara rẹ̀ léèrè. Kí ló dé tí Ìyá kò wo òun lójú? Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Oògùn náà ni Àwẹ̀ró mu, ó sì mu ún ní àmujù. Ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó bá Adìẹ níbi tó ti ń tan ilẹ̀, ó bá forin bọ ẹnu. Ẹ bá mi gbè é o, ẹ máa wí pé, "Ó dà o, ó dà?"

Mo gbé iyọ̀ lé pẹpẹ,
*Ó dà o, ó dà?*
Mo kọ́ ìjábẹ̀ sí ògiri,
*Ó dà o, ó dà?*
Adìẹ tó ń jẹ̀ lẹ́yìnkùlé,
*Ó dà o, ó dà?*
Bó o bá mọ̀ ọ́n, sọ fún mi,
*Ó dà o, ó dà?*

Adìẹ dá ẹsẹ̀ kan dúró. "Àgbàdo ni mo ń wá ní tèmi, ìyàwó. Àmọ́ láàárọ̀ àná, mo rí Ìyá. Wọ́n ń fi ọwọ́ tọ ògiri lọ, ẹnu wọn sì ń lọ wúyẹ́wúyẹ́."

"Kí ni wọ́n ń wí?"

"Mo gbọ́ 'méje', mo gbọ́ 'mẹ́jọ'. N kò gbọ́ ìyókù."

Ta ní ń bá ògiri sọ̀rọ̀ láàárọ̀ kùtù? Ọfọ̀ nìyẹn! Àwẹ̀ró sáré lọ bá Òbúkọ nídìí èèkàn tí wọ́n so ó mọ́, ó tún kọrin náà fún un. Òbúkọ mi irùngbọ̀n rẹ̀ bí arúgbó ọlọ́gbọ́n.

"Ìyàwó, n kò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ ẹbí. Àmọ́ bí mo bá dákẹ́, wọ́n á ní ẹran ni mí lóòótọ́. Lọ wo ọrùn àwọn ìkòkò rẹ."

Àwẹ̀ró sáré wọlé. Kí ló rí? Òwú dúdú ni! Òwú dúdú lọ́rùn ìkòkò epo, wọ́n ta á ní kókó kan. Òwú dúdú lọ́rùn ìkòkò iyọ̀, kókó méjì. Lọ́rùn ìkòkò kaun, kókó mẹ́ta.

"Yéè! Ẹdì rèé o! Wọ́n ti di ilé mi mọ́ mi lọ́wọ́!"

Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ó bi Ìyá léèrè?

"Kò bi í!"

Kò bi í o. Ọ̀bẹ ló mú, ó gé òwú náà, ó jù ú síná. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, tí Ìyá na ọwọ́ láti gba ọmọ, Àwẹ̀ró gbé ọmọ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ sinmi lónìí, Ìyá. Èmi ni n ó wẹ̀ ẹ́."

Ìyá jókòó, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sórí itan. Ó wu Àwẹ̀ró kó wò ó dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á pé òun á rí ohun tí kò yẹ kí òun rí.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ọbẹ̀ ilá kaná, ó pọn ọmọ, ó lọ sódò. Nígbà tó ń bọ̀, láti ẹnu ọ̀nà ló ti ń gbọ́ ṣùùù, ṣùùù. Ó ju ìkòkò omi sílẹ̀. Ọbẹ̀ ilá ti hó, ó ti ru, ó ti kún bo ẹnu ìkòkò, ó ti ṣàn pa iná. Ìyá dúró tì í, ọwọ́ rẹ̀ funfun.

Àwẹ̀ró fi ìka kan tọ́ ọbẹ̀ náà wò. Ó korò bí ewúro.

"Kaun! Odindi ẹ̀kúnwọ́ kaun!"

"Iyọ̀ ni mo fẹ́ bá ọ fi sí i," Ìyá wí.

Ibi tí wọ́n wà nìyí tí Akínlabí fi ti oko dé, ebi ń pa á. Àwẹ̀ró kò jẹ́ kó gbé àdá rẹ̀ kalẹ̀.

"Bàbá Àdùfẹ́, ìyá yín fẹ́ pa wá! Bí ilẹ̀ ọ̀la bá mọ́ bá wọn níbí, kò ní í mọ́ bá èmi."

Akínlabí wo ìyá rẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀. Kò mọ èyí tí ì bá dá lẹ́jọ́. Ìyá ló gbà á sílẹ̀.

"Ẹ má torí mi jà. N ó lọ."

Ó wọ yàrá, ó di aṣọ mẹ́ta rẹ̀ sínú ìborùn, ó gbé e rù. Àwẹ̀ró dúró lẹ́bàá àká pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Òbúkọ ti já okùn, ó ń wá èèpo iṣu jẹ ní àárín àgbàlá. Ìyá jáde, ó ń rìn gbẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ síwájú. Ọwọ́ rẹ̀ ba orí Òbúkọ. Ó rọra fi ọwọ́ pa á lórí.

"Àwẹ̀ró, ọmọ mi, ó dàbọ̀ o. Má bínú sí mi. Àwẹ̀ró, kí ló dé tí irun rẹ le báyìí? Ọmọ ló ń dá ọ lágara. Wá onídìrí, jẹ́ kó bá ọ dì í."

Òbúkọ wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ìyá," ló wí, "èmi kọ́ ni Àwẹ̀ró. Òbúkọ ni mí."

"Háà-háà-háà!"

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Adìẹ náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, kò sí èèyàn tó rẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró rìn dé iwájú Ìyá, ó ju ọwọ́ níwájú ojú rẹ̀. Ìpéǹpéjú Ìyá kò mira.

"Ìyá, láti ìgbà wo?"

"Ó tó oṣù mẹ́ta. Ó kọ́kọ́ dà bí èéfín, lẹ́yìn náà ó ṣú. Ìṣísẹ̀ mẹ́jọ ló wà láti yàrá mi dé ìdí ààrò, mo máa ń kà á. Àpótí yẹn ń gbún mi lójúgun, mo bá sún un. Iyọ̀ àti ìjábẹ̀, mo gbé wọn síbi tí ọwọ́ mi á ti tètè bà wọ́n. Mo ta òwú mọ́ ìkòkò, kí n má baà ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Lónìí, mo wá kókó, n kò bá kókó."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?"

"Bí mo bá sọ, ta ni yóò tún gbé ọmọ lé afọ́jú lọ́wọ́?"

"Oṣù mẹ́ta lẹ fi wẹ ọmọ yìí láìríran? Omi kò sì kán sí i lójú rí?"

"Ojú mi ni kò ríran. Ọwọ́ mi ń ríran."

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ nínú èèpo iṣu. "Ẹ forí jì mí, Ìyá. Èmi ni mo gé òwú náà. Mo pè é ní ẹdì."

"Àṣé ìwọ ni?" Ìyá wí. "Òbúkọ ni mo rò pé ó jẹ ẹ́."

"Èmi kẹ̀!" Òbúkọ ké.

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Ìyá, omijé sì ń bọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Akínlabí gba ẹrù lórí ìyá rẹ̀, ó gbé e wọlé. Epo lásán ló fi jẹ iṣu lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sì bèèrè ọbẹ̀.

Èmi kò ní sọ fún yín pé wọn kò jà mọ́. Wọ́n jà. Ìyàwó àti ìyá ọkọ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ohun kan bá ru Àwẹ̀ró lójú láti ọjọ́ náà, á jókòó ti Ìyá, á ní, "Ìyá, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn o." Ìyá náà á sì dáhùn.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò fara sin. Bí ẹ bá fura sí ará ilé yín, òun ni kí ẹ bi, ẹ má lọ bi òbúkọ. Bí nǹkan bá sì ń ṣe ẹ̀yin náà, ẹ má fi pa mọ́, nítorí ohun tí a kò bá sọ, àwọn èèyàn á fi ẹnu ara wọn sọ ọ́.

Ibi tí mo bá àlọ́ mi dé rèé tí mo fi sọ ọ́ kalẹ̀. Bí mo bá fi irọ́ lé e, kí n pàtẹ́wọ́ kó má dún.

Pàà!

Ẹ gbọ́ ọ bí?

"A gbọ́ ọ!"

Ó yá, ẹ dìde, ẹ lọ sùn.