Rewati, Alápò Iyọ̀ Tí Kì Í Kún

Wasuka tó ń fi màlúù fa ẹrù láti ìlú dé ìlú, òun ló kọ́kọ́ mú ìròyìn náà dé ọ̀dọ̀ Rewati, ní ayé àtijọ́, nígbà tí omi yìnyín tó ń yọ́ lórí òkè Himaláyà ń ya wọ inú odò Gángà láìsí afárá kankan lórí rẹ̀, tí iyọ̀ sì ṣọ̀wọ́n débi pé wọ́n ń fi í fẹ́ ìyàwó.

“Ìyàwó Dewala,” Wasuka ò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹrù, “wọ́n ti sun òkú ọkọ rẹ ní ìlú Kasi. Etí mi báyìí ni wọ́n ṣe pe orúkọ rẹ̀ níwájú iná.”

“O rí ojú rẹ̀?”

“Èéfín ò jẹ́ kí n rí i.”

“Àpò iyọ̀ mi ńkọ́?”

Iyọ̀ àpáta tí bàbá Rewati fi sílẹ̀ fún un ni Dewala yá lọ́wọ́ rẹ̀, tó ní òun fẹ́ lọ tà ní Kasi, òun á san án kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará èbúté Lonapura ní ọkàn obìnrin yìí le. Wọn ò mọ̀ pé ká ní ó dárúkọ ọkọ rẹ̀ dípò iyọ̀, ilẹ̀ ni wọn ì bá ti gbé e.

Ó fọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ létí odò bí opó ṣe ń ṣe, ó ró aṣọ funfun. Ẹnikẹ́ni ò fẹ́ pàdé rẹ̀ láàárọ̀, wọn ò sì pè é síbi ìgbéyàwó mọ́, àmọ́ wọ́n ń ra iyọ̀ rẹ̀. Ọbẹ̀ wọn ò bèèrè bóyá ẹni tó tà á ní ọkọ.

Ọdún gorí ọdún. Àwọn ọmọlẹ́yìn Búdà, àwọn tó fárí, tó wọ aṣọ pupa rúsúrúsú, wá dúró sí èbúté náà títí òjò yóò fi dá, torí òfin wọn ò gbà kí wọ́n máa rìn lásìkò òjò, kí wọ́n má baà tẹ ohun tó ń hù pa. Ọ̀kan nínú wọn gbé àwo wá síwájú ilé Rewati, kò sọ nǹkan kan, torí wọn kì í fi ẹnu tọrọ. Rewati ò wo ojú rẹ̀. Ẹsẹ̀ ló wò, ó sì rí ọmọ ìka tí kẹ̀kẹ́ ẹrù ti gé kúrú.

“Dewala. Òkú tún ń tọrọ ìrẹsì?”

Ọkùnrin náà ṣàlàyé pé òun bá àwọn tó fi ayé sílẹ̀ lọ sínú igbó nítòsí Kasi, àwọn tó jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́ wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ìsìnkú ara rẹ̀. Òun fi koríko ṣe ère ara òun, òun pe orúkọ òun, òun fi iná sí i. Iná yẹn ni Wasuka rí. Ibẹ̀ lòun ti wá bọ́ sọ́dọ̀ àwọn ọmọlẹ́yìn Búdà.

“O sun ara rẹ, o wá fi èmi sílẹ̀ nínú eérú. Ọ̀gá yín ò bi ọ́ bóyá o jẹ gbèsè kó tó gbà ọ́?”

“Ó bi mí. Mo ní n kò jẹ.”

“Irọ́ lo fi wọlé. Ẹ kú ìwà mímọ́ o!”

“Kí ni kí n ṣe, Rewati?”

Gbogbo ara Rewati fẹ́ sọ pé kó wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti sin ara rẹ̀ kì í padà sílé aya.

“San iyọ̀ mi. N ò gba owó. Inú àwo yẹn ni kí àwọn tó ń fún ọ lóúnjẹ máa bù ú sí, ìwọ̀n tí orí ìka lè mú. Bí òjò bá ti dé, kó èyí tí o rí wá.”

Àwọn ará èbúté rò pé ìyà ló fi ń jẹ ẹ́. Àmọ́ gbèsè yẹn nìkan ló kù láàárín Rewati àti Dewala, bó bá sì tán, kò sí ohun tí yóò tún mú un wá. Lọ́dọọdún, Dewala á wá da iyọ̀ rẹ̀ sínú àpò, wọn á jókòó láìfọwọ́kanra, Rewati á wo inú àpò, á ní, “Kò tíì kún.” Bí Dewala bá sì ti lọ, òun tí kì í fi èènì fún ọmọ ìyá rẹ̀ á máa bu iyọ̀ náà fún àwọn arìnrìn-àjò lọ́fẹ̀ẹ́, kó má baà kún.

Lọ́dún tí odò ya bo èbúté, ọkọ̀ tó ń gbé Dewala àti àwọn arìnrìn-àjò bọ̀ dojú dé. Rewati so okùn mọ́ igi, ó so ó mọ́ ìdí, ó wọ odò, ó sì ń na okùn sí wọn títí gbogbo wọn fi gúnlẹ̀. Okùn já, Rewati sì rì. Wọn ò rí òkú rẹ̀. Nígbà tí omi fà, àpáta funfun kan ló wà níbi tó rì sí, iyọ̀ ni lẹ́nu, omi ò sì lè yọ́ ọ.

Òun là ń kí lónìí, ẹ̀yin tí ẹ mú iyọ̀ dání: Rewati, Alápò-tí-kì-í-kún, Iyọ̀-tó-dá-omi-lágara, A-fokùn-gba-àlejò. Ìdí rèé tí a kì í fi í fọ́ ẹ̀gbà létí odò yìí, tó fi jẹ́ pé opó ló máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kan àpáta, tí ẹni tó bá purọ́ pé òun ò jẹ gbèsè kì í fi í wọ ọkọ̀ wa, tí arìnrìn-àjò kì í sì í ra iyọ̀ níbí.

Dewala ò ṣíwọ́. Ó ń tọrọ iyọ̀ káàkiri, ó ń dà á sínú àpò náà lọ́dọọdún, kò sì sẹ́ni tó ń bù ú kúrò mọ́, ni àpò bá ń kún. Ó ti di arúgbó tó ń tẹ̀pá lọ́jọ́ tí iyọ̀ dé ẹnu àpò. Ó wọ́ ọ dé ibi àpáta, ó dà á sí i lára títí àpò fi ṣófo. Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ lé àpáta náà, ọwọ́ tí kò kan obìnrin láti ọjọ́ tó ti dáná sun ara rẹ̀.

“Rewati,” ó ní, “ó kún.”