Màrìwò Etí Ọ̀fìn

Ní abúlé Ìdí-Ahùn, àwọn obìnrin ló ń mọ ìkòkò, wọn kì í sì í jókòó mọ ọ́n. Amọ̀kòkò á gbé amọ̀ sílẹ̀, á tẹ̀ ba, á wá máa rìn yí i po, ọwọ́ rẹ̀ á máa tọ́ amọ̀ náà bó ṣe ń lọ títí ìkòkò á fi dìde. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá ṣeé rìn ní Ìdí-Ahùn kò lè mọ ìkòkò. Nínú gbogbo wọn, ìkòkò Ẹfúnyẹmí ló dán jù. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ ni pé omi ojú rẹ̀ kò jìnnà. Bí ìkòkò bá là nínú iná, yóò sunkún. Bí wọ́n bá ń gbé ìyàwó, yóò sunkún ju ìyá ìyàwó lọ. Ẹlẹ́kún ni wọ́n ń pè é, òun náà a sì máa bá wọn rẹ́rìn-ín.

Òfin kan wà ní abúlé náà tí ọmọdé pàápàá mọ̀. Ẹni tó bá gbẹ́ ọ̀fìn fún ẹran níbi tí ènìyàn lè gbà kọjá gbọ́dọ̀ so màrìwò síwájú rẹ̀. Ẹni tó bá rí màrìwò tó sì kọjá, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí màrìwò, ẹni tó gbẹ́ ọ̀fìn ni yóò tọ́jú ẹni tó bá jìn sí i títí ara rẹ̀ yóò fi yá, òun náà ni yóò sì máa bọ́ ilé rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ẹfúnyẹmí gba ọ̀nà odò lọ wa amọ̀. Lójijì ni ilẹ̀ yà lábẹ́ rẹ̀, òun àti ewé àti igi wẹ́wẹ́ jọ wó sínú kòtò. Ó gbọ́ bí eegun ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ṣe dún. Ó fi ẹsẹ̀ kejì dìde, ó di etí kòtò mú, orí rẹ̀ yọ síta, ó sì fi igbe ta.

Ọdẹ́jìnmí ló kọ́kọ́ dé. Àgbà àgbẹ̀ ni, oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀, òun ló sì gbẹ́ ọ̀fìn náà lọ́jọ́ tó ṣáájú nítorí ìmàdò tó ń ba ẹ̀gẹ́ rẹ̀ jẹ́.

"Yéè! Ẹfúnyẹmí, ìwọ ni? Pẹ̀lẹ́, mò ń bọ̀ o."

Ṣùgbọ́n kò wá. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sáré gé màrìwò lára ọ̀pẹ kékeré kan. Ó wá okùn tì. Ló bá tú okùn pupa tó fi gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì fi so màrìwò náà mọ́ igi níwájú kòtò. Ìgbà yẹn ló tó ké sí àwọn ará oko. Ẹfúnyẹmí ń sunkún kíkorò, omijé ń ṣàn dé àgbọ̀n rẹ̀, àmọ́ ojú rẹ̀ kò kúrò lára okùn náà.

Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ Bàbá Akíntàn tó ń to eegun. Bàbá náà to ẹsẹ̀, ó fi igi pẹlẹbẹ dì í. Ó wá mú adìyẹ kan, ó dá a lẹ́sẹ̀, ó sì di tirẹ̀ náà bákan náà.

"Ọjọ́ tí adìyẹ yìí bá rìn dáadáa ni a ó mọ bí tìrẹ ṣe rí," ni ó wí. "Kó tó dìgbà náà, má fi ẹsẹ̀ yẹn tẹlẹ̀ o, iṣẹ́ yòówù kó wà nílẹ̀."

Ẹfúnyẹmí sunkún fún ara rẹ̀, ó sì sunkún fún adìyẹ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n gbé Ẹfúnyẹmí àti adìyẹ náà padà sílé ni Ọdẹ́jìnmí gbé iṣu àti obì wá. Ní Ìdí-Ahùn, bí ẹni tó fara pa bá ti jẹ obì, ẹjọ́ tán nìyẹn, kò tún lè bèèrè ohunkóhun mọ́.

"Ọmọ mi, màrìwò wà níbẹ̀, ìwọ ni o kò wòkè," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ará àdúgbò kan náà ni wá. Jẹ obì yìí, kí ọ̀rọ̀ tán nílẹ̀."

Ọkọ Ẹfúnyẹmí fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Gbà á, Ìyá Dọ̀tun. Àgbà ló wá bá wa nílé yìí. Ṣé aládùúgbò ni a ó máa bá ṣẹjọ́?"

Ó wu Ẹfúnyẹmí láti gbà á, nítorí kò fẹ́ràn ìjà. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo adìyẹ tó dùbúlẹ̀ sí igun ilé.

"Bàbá Dọ̀tun, ẹ má bínú. Bí mo bá jẹ obì lónìí, tí ẹsẹ̀ yìí bá kọ̀ tí kò san, ta ni yóò máa bá mi yí ìkòkò po? Ẹ jẹ́ kí adìyẹ rìn ná. Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ máa mú obì yín lọ."

Bí àlejò ti jáde ló bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó lọ sọ fún Baálẹ̀, kí wọ́n tú màrìwò náà tòun ti okùn rẹ̀, kí wọ́n sì fi pa mọ́ sí ààfin. Ọkọ rẹ̀ ráhùn, ṣùgbọ́n ó lọ jíṣẹ́.

Ọjọ́ ẹjọ́ pé, wọ́n gbé Ẹfúnyẹmí wá lórí àga. Ọdẹ́jìnmí dúró ṣinṣin.

"Baálẹ̀, ọjọ́ tí mo gbẹ́ ọ̀fìn náà ni mo ti so màrìwò. Gbogbo àwọn tó wá gbé e ló rí i."

"Kí ẹ pẹ́ o, Baálẹ̀," ni Ẹfúnyẹmí wí. "Ìgbà tí mo ti já sínú kòtò ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ so ó. Ìṣojú mi ni."

Ọdẹ́jìnmí bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ ẹlẹ́kún! Ẹni tí omijé bò lójú, kí ló lè rí?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ó dun Ẹfúnyẹmí dé egungun, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ níṣojú gbogbo wọn. Kò nù ún.

"Mo sunkún lóòótọ́, mo ṣì ń sunkún báyìí. Ẹkún kò fọ́ mi lójú. Okùn àpò wọn, tó pupa, ni wọ́n tú tí wọ́n fi so ó."

Baálẹ̀ ní kí wọ́n gbé màrìwò jáde. Okùn pupa ló wà lára rẹ̀ lóòótọ́. Gbogbo ojú wá yí sí àpò èjìká Ọdẹ́jìnmí: okùn ìko tuntun ni wọ́n fi gbé e kọ́. Ṣùgbọ́n Ọdẹ́jìnmí kò tíì gbà.

"Àní ọjọ́ tí mo gbẹ́ ọ̀fìn gan-an ni mo tú okùn náà!"

Ibẹ̀ ni ọkọ Ẹfúnyẹmí ti dìde. "Bàbá, èmi pẹ̀lú yín la jọ jáde lọ sóko láàárọ̀ ọjọ́ tí ìyàwó mi fara pa. Okùn pupa yìí wà léjìká yín. Mo tilẹ̀ yìn ín, ẹ ní ìyàwó yín ló hun ún."

Ọdẹ́jìnmí wolẹ̀. "Ẹ̀rù ló bà mí, Baálẹ̀. Ẹ forí jì mí."

Baálẹ̀ pàṣẹ pé kó dí ọ̀fìn náà, kó máa sanwó ìtọ́jú, kí oúnjẹ ilé Ẹfúnyẹmí sì máa ti oko rẹ̀ wá títí Bàbá Akíntàn yóò fi sọ pé ó tó. Ọdẹ́jìnmí ṣe é, kò ṣe àbòsí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ru iṣu wá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, adìyẹ náà dìde, ó sì sáré lọ ṣa àgbàdo tó já bọ́ sílẹ̀. Bàbá Akíntàn tú igi ẹsẹ̀ Ẹfúnyẹmí. Obìnrin náà tiro díẹ̀, ó rọra fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀, ó tún fi tẹlẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé amọ̀ fún òun, ó sì yí i po títí ìkòkò fi dìde. Ọjọ́ yẹn ló tó gba obì lọ́wọ́ Ọdẹ́jìnmí tó sì jẹ ẹ́, tẹkún tẹ̀rín.

Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún fi ẹkún rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ ní Ìdí-Ahùn. Ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti mú un tí wọ́n fi ń pa á lówe títí dòní pé: bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.