Ẹni Tó Jókòó Lẹ́nu Ọ̀nà

Ọkùnrin kan wà tí oko rẹ̀ àti ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ pààlà. Lẹ́yìn oko ẹ̀gbọ́n ni oko kòkó opó kan wà, Ìyá Abọ́sẹ̀dé. Ọkọ rẹ̀ ló fi oko náà sílẹ̀ fún un, ibẹ̀ ló sì ti ń bọ́ àwọn ọmọ.

Ní abúlé wọn, ẹni tó bá fẹ́ sun igbó tó ṣán yóò kọ́kọ́ ro etí oko náà yí ká títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ kedere, kí iná má baà rí ohun tí yóò gùn kọjá. Yóò ké sí àwọn tí wọ́n jọ pààlà. Yóò sì dúró di ìrọ̀lẹ́, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ti dákẹ́. Bí iná ẹnìkan bá jó oko ẹlòmíràn, òun ni yóò tún oko náà gbìn. Títí igi tuntun yóò fi so, kò ní í jókòó láàárín àgbà, ìbáà ṣe nílé Baálé, ìbáà ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnu ọ̀nà ni àpótí ìjókòó rẹ̀ yóò máa wà.

Àbúrò yìí mọ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń kánjú. Àwọn àna rẹ̀ ń bọ̀ wá wo ilé tí ọmọ wọn fẹ́ wọ̀, ó sì fẹ́ kí wọ́n bá oko tuntun nílẹ̀. Ọ̀sán gangan, nínú ọyẹ́, ló ṣáná sí igbó náà. Kò ro etí oko, kò sì pe ẹnikẹ́ni.

Iná náà gba inú oko ẹ̀gbọ́n kọjá, ó wọ inú kòkó opó. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ó ń fi imọ̀ ọ̀pẹ tútù lu iná náà títí awọ apá rẹ̀ fi bó. Kí àwọn ará abúlé tó gbé omi dé, kòkó náà ti jó tán. Opó náà jókòó sínú eérú. Kò sunkún. Ó ń fi ọwọ́ pa ìdí igi kan bí ẹni ń pa orí ọmọ tó ń sùn.

Baálé pe ìpàdé. Ó béèrè pé, "Oko ta ni iná ti jáde?"

Ẹ̀gbọ́n wo àbúrò. Àbúrò mọ̀ pé ó ń wo òun. Ó mọ̀ pé bí òun bá dìde, àwọn àna yóò fawọ́ ọmọ wọn sẹ́yìn, torí ta ni yóò fa ọmọ lé ẹni tó ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà lọ́wọ́? Ó tẹjú mọ́lẹ̀. Èèrà kan ń fa ìyẹ́ kòkòrò lọ. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bí èèrà náà bá ti dé ìdí òpó, òun yóò sọ̀rọ̀.

Kí èèrà tó dé ìdí òpó, ẹ̀gbọ́n ti dìde.

"Ọ̀dọ̀ mi ló gbà wọ oko Ìyá Abọ́sẹ̀dé. Èmi ni kí ẹ mú."

Baálé ní, "Ìwọ? Ìwọ tí o máa ń ro etí oko bí ẹni ń gbálẹ̀ yàrá?"

"Èmi ni kí ẹ mú, Baálé."

Wọ́n mú un. Ó gbé àpótí rẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà. Oyè Bàbá Ìjọ tí wọ́n fẹ́ fi í jẹ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní kò yẹ kí oyè náà kúrò nínú ìdílé wọn, wọ́n sì fi àbúrò jẹ ẹ́. Láràárọ̀, kí ẹ̀gbọ́n tó lọ sí oko tirẹ̀, oko opó ló ń lọ. Ó gbin kòkó, ó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí yóò ṣíji bò ó, ó ń pọnmi rin ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Àwọn èèyàn a máa kígbe pè é pé, "Bàbá Oníná, ẹ rọra kọjá o, koríko ibí yìí ti gbẹ!"

Òun náà a dáhùn pé, "Mo ti panu mọ́, kí èémí mi má baà ràn án."

Lọ́jọ́ kan, ó wá fọn iná nílé àbúrò. Ìyàwó àbúrò mú ẹ̀mú, ó ní, "Ẹ dákun, Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e délé. Ẹ̀yin àti iná kì í ṣe ọ̀rẹ́." Gbogbo agbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò rẹ́rìn-ín pẹ̀lú. Ó gbọ́ ẹ̀rín ara rẹ̀, ó ga ju ti gbogbo wọn lọ. Ẹ̀gbọ́n na apá tó ti jóná, ó gba ẹyin iná sórí àpáàdì, ó dúpẹ́, ó lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, àbúrò ti àwo oúnjẹ sẹ́yìn. Ìyàwó tó tipasẹ̀ ìtìjú ẹ̀gbọ́n fẹ́ ló ń fi ẹ̀gbọ́n ṣẹ̀fẹ̀ lójú rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gba oko rẹ̀ lọ.

Nígbà tó ṣe, kòkó náà so. Lọ́jọ́ ìkórè, ẹ̀gbọ́n gbé èyí tó kọ́kọ́ pọ́n wá sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá Ìjọ ló máa ń gbà á lọ́wọ́ ẹni bẹ́ẹ̀, yóò là á, yóò sì wí fún un pé, "Igi ti so. Wọlé."

Àbúrò gba kòkó náà. Kò là á. Ó wo apá tó gbé kòkó náà wá, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ̀yin ará, èmi ni. Èmi ni mo sun oko lọ́sàn-án. Mo ń wo ẹ̀gbọ́n mi níbí láti ọjọ́ náà wá."

Ìyàwó rẹ̀ ká ọwọ́ lérí. Ìyá Abọ́sẹ̀dé ní, "Yéè! Èmi náà ti pè wọ́n ní Bàbá Oníná." Ọkùnrin kan kígbe láti inú pé, "Kó bọ́ sórí àpótí yẹn kíá! Ipò rẹ̀ nìyẹn!"

Ẹ̀gbọ́n yíjú sí i. "Ta ló tún fẹ́ jókòó síbẹ̀? Igi ti so. Ṣé ẹ fẹ́ gbìn ín lẹ́ẹ̀kejì ni?"

Ó bẹ̀rẹ̀, ó di àbúrò rẹ̀ lápá mú. "Mo ti ń retí kí o wá bá mi jókòó níbí, bó tilẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan. O sì ti wá. Ó tó. Jẹ́ ká wọlé."

Ìwọ tí ò ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, Ẹni tí wọ́n kàn mọ́gi lẹ́yìn odi ìlú, orí àpótí tìrẹ ló jókòó. Ohun tí o dáná sun, ó ti tún un gbìn, ó sì ti so. Kò sí ẹni tó ní kí o tún un gbìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ń fi orúkọ rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ, tí ìwọ náà rẹ́rìn-ín kí wọ́n má baà mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n, gbọ́ ẹ̀rín ara rẹ. Jẹ́ kó tì ọ́ lójú. Má ṣe dúró de èèrà kankan. Gbé ìtìjú náà lọ bá a lẹ́nu ọ̀nà níbi tó wà. Kò ní í fi ọ́ sílẹ̀ níta.