Ojú Ni Ìyá Fẹ́ Yá

Ọkùnrin kan wà tí kì í jẹ́ kí sinimá dé ìdajì kí ó tó dá ẹjọ́ rẹ̀. Alàgbà ìjọ ni. Bí ó bá di ọ̀sán Sátidé, òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn á jókòó sí pálọ̀, wọn á gbé ẹ̀pà sísun sáàárín, wọn á tan amóhùnmáwòrán. Kò ní í pẹ́ tí yóò fi ní, "Obìnrin yìí ló máa ba ilé náà jẹ́." Nígbà míì ọ̀rọ̀ rẹ̀ á ṣẹ, nígbà míì kò ní í ṣẹ. Èyí tó ṣẹ nìkan ni ó máa ń rántí.

Nígbà tó yá, ìyá rẹ̀ wá ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Ojú ìyá náà ti fọ́. Bí wọ́n bá ń wo sinimá, á máa béèrè pé, "Kí ló tún ṣẹlẹ̀ báyìí?" Ọmọbìnrin á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá àgbà, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ." Ìyá kò béèrè mọ́. Ó kúkú ń wọ yàrá lọ.

Èyí dun ọkùnrin náà. Ó pinnu pé ìyá òun kò ní í dá jókòó sí yàrá nígbà tí àwọn tó kù ń rẹ́rìn-ín ní pálọ̀. Ó fà á lọ́wọ́ wá, ó mú un jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Màámi, èmi ni n ó máa sọ ọ́ fún yín."

Sinimá tí wọ́n kọ́kọ́ wò dá lórí ilé kan tí ẹrù inú rẹ̀ ń sọnù. Ọkùnrin náà ní, "Màámi, ìyàwó kékeré ló ń kó o."

"O rí i tó kó o?"

"Ó gbé apẹ̀rẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé jáde."

"Kí ló wà nínú apẹ̀rẹ̀?"

"Wọ́n fi aṣọ bò ó."

Ìyá ní, "Apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ bò ni kí o sọ fún mi. Ojú rẹ ni mo fẹ́ yá, n kò yá èrò rẹ."

Kí sinimá náà tó parí, ó hàn pé aṣọ tí baba ọkọ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn tọ̀ sí ni ìyàwó náà ń gbé lọ fọ̀ lódò, kí ojú má bàa ti arúgbó náà. Ọmọbìnrin sunkún. Lójú tirẹ̀, kò sí sinimá tó dára tó o.

Èyí tó tẹ̀ lé e, ti àwọn apẹja méjì tó ń jà sí ọkọ̀ ojú omi, gùn jù. Ìyàwó sùn lọ. Ọkọ rẹ̀ kò dákẹ́, ó sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ dé òpin.

Ọ̀kan wá ti òkè òkun wá, kò sì sí ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀ nínú wọn. Ojú nìkan ni wọ́n ní. Ọkùnrin náà ń sọ pé, "Yìnyín ń bọ́. Baba dúró. Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀. Ó fi bo ọmọ." Kò fi kún un. Ìyá mí kanlẹ̀, ó ní, "Mo ti rí wọn." Sinimá yìí ni ọkùnrin náà fẹ́ràn jù.

Kò pẹ́ sígbà náà tí àwọn alàgbà jókòó lórí ọ̀rọ̀ olórí akọrin. Wọ́n ní ó ń yọ́ lọ sílé obìnrin kan ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ti ràn débi pé ìyàwó rẹ̀ ti kẹ́rù lọ sílé bàbá rẹ̀. Wọ́n fẹ́ yọ ọ́ nípò. Alàgbà tó ń sọ sinimá fún ìyá rẹ̀ yìí dìde.

"Kí ni a rí?"

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Mo rí i tó wọlé obìnrin náà."

"Kí ni ẹ tún rí?"

Alága ní, "Alàgbà, ẹ jókòó. Ṣebí ẹ̀yin náà wà lára àwọn tó ń sọ ọ́."

"Mo sọ ọ́, àmọ́ n kò rí i. N kò ní í jókòó títí a ó fi pè é kí ó wá sọ tẹnu rẹ̀."

Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n bínú sí i, kò jókòó. Níkẹyìn wọ́n ránṣẹ́ pe olórí akọrin. Ó ń wo ilẹ̀ bí ó ti ń sọ̀rọ̀. Ó ní, "Àkọ́sórí ni gbogbo orin tí mo ń dá. N kò mọ ìwé kà. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá tí mò ń lọ sílé rẹ̀ yẹn, òun ló ń kọ́ mi. Ojú ń tì mí láti sọ fún yín, n kò sì sọ fún ìyàwó mi." Ó fa ìwé orin tó wà lórí tábìlì mọ́ra, ó ń fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ka ìlà kan. Ó pẹ́ kí ó tó kà á tán.

Wọn kò yọ ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ṣì wà nílé bàbá rẹ̀. Alàgbà tó dìde yẹn ló lọ bẹ̀ ẹ́, nítorí ó mọ̀ pé ẹnu òun wà lára ohun tó lé e. Wọn kò dá a lóhùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó padà lọ, ó tún padà lọ, títí obìnrin náà fi wálé.

Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀ yìí, wọn yóò bi ọ́ nípa aládùúgbò rẹ. Sọ ibi tí ojú rẹ dé, kí o dákẹ́. Bí wọ́n bá ń dájọ́ ẹni tí kò sí níbẹ̀, dìde, má sì jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ dídùn mú ọ jókòó. Bí o bá sì ti sọ ju ohun tí o rí lọ, o mọ ilé ẹni tí o sọ ọ́ nípa rẹ̀. Má dúró dìgbà tí yóò bi ọ́. Wọ bàtà rẹ, kí o máa lọ bẹ̀ ẹ́.