Àdàbà Aláìlójú Inú Òfì Onípáálí

Rẹ̀mílẹ́kún, olórí àwọn obìnrin ahunṣọ ìlú Agbówùú, kò fọkàn tán òfì tí Fọlárìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, gbé ti òkè òkun dé. Páálí tí wọ́n lu ihò sí lára ni òfì náà ń tẹ̀ lé: ibi tí ihò bá wà, òwú a dìde; ibi tí kò bá sí, òwú a sùn. Bí àwọn páálí bá yí tán, wọn a tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá náà a máa wò ó láti ẹnu ọ̀nà, a máa pe orúkọ Jésù. Ohun tó ń hunṣọ tí kì í mí, ta ló wà nínú rẹ̀?

Ìjọ ní kí Fọlárìn hun aṣọ alárà àdàbà tí wọn yóò ta sí ògiri lọ́jọ́ ìyàsímímọ́ ilé Ọlọ́run. Nígbà tí wọ́n tú u, àdàbà bí igba ló wà níbẹ̀, kò sí ọ̀kan ṣoṣo tó lójú nínú wọn. Ẹ̀rù ba àwọn alàgbà. Fọlárìn ní ẹnìkan ti fọwọ́ kan òfì òun, ó sì wo ojú ìyá náà. Ní Agbówùú, ẹni tó bá ba òfì ẹlòmíràn jẹ́, wọn a tú tirẹ̀ palẹ̀ lójú gbogbo ayé, kò sì ní hunṣọ mọ́ láéláé. Wọ́n fún Rẹ̀mílẹ́kún ní ọjọ́ mẹ́ta kó wá wí tẹnu rẹ̀. Àwọn tó kọ́ níṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í kí i bí ẹni ń kí àlejò.

Lọ́jọ́ kẹta, ó ní kí wọ́n tẹ́ àwọn páálí náà sílẹ̀ ní àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kúnlẹ̀, ó ń fi ìka ka ihò bí ẹni ń ka òwú. Ó dúró lójijì. Ibi tí ojú ẹyẹ ìbá wà, páálí ń dán gbinrin, ẹnikẹ́ni kò lu nǹkan kan síbẹ̀.

"Fọlárìn, níbo lo ti rí ẹyẹ yìí?"

"Àwọn òyìnbó ló yà á, Màmá."

"Wọ́n mà kú iṣẹ́ o. Àwọn náà kì í fún àdàbà àkọ́kọ́ lójú?"

Ó bọ́ ìborùn èjìká rẹ̀, ó tú ìṣẹ́po etí aṣọ náà. Gbogbo àdàbà ara rẹ̀ ló lójú, àfi èyí àkọ́kọ́ tó sá pamọ́ sínú ìṣẹ́po. Bí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ nìyẹn: ojú àkọ́kọ́, Ọlọ́run tó ń lajú ẹni ni kí a fi í sílẹ̀ fún. Ará ìta kò mọ̀ ọ́n. Fọlárìn ti yá ìborùn náà lọ́dún tó kọjá, ó ní òun fẹ́ fi han àwọn ọ̀rẹ́ òun. Àṣé ó ka òwú ẹyẹ kan péré, èyí àkọ́kọ́, ó lu ihò rẹ̀ sí páálí, ó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún òfì.

Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀. "Ẹ dákun, Màmá. Mo rò pé ọ̀kan tó."

"Ì bá tó, ká ní o bi mí."

Wọ́n lu ihò ojú sí páálí, àwọn àdàbà sì ríran. Láti ọjọ́ náà Rẹ̀mílẹ́kún kò ṣọ́ òfì mọ́. Ọwọ́ Fọlárìn ló ń ṣọ́.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí kọ̀ǹpútà dé ilé-ìwé ìlú náà, olùkọ́ ṣàlàyé pé ara irú páálí oníhò bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti rí ọgbọ́n tí wọ́n fi ń rán ẹ̀rọ níṣẹ́. Àwọn arúgbó rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ti mọ ìwà ìdílé kọ̀ǹpútà tipẹ́. Ìtàn yìí ló bí ọ̀rọ̀ tí àgbà Agbówùú fi ń kìlọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ di ẹ̀bi ru irinṣẹ́, pé: ihò tí a lu ni òfì ń hun, òfì kò mọ ojú ẹyẹ.